Wákàtí Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀rọ

“Ta ló gbé ìkòkò sí mi lórí òrùlé?”

Ohun tí ìyá àgbà mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tí mo fi ilé rẹ̀ hàn án nínú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ìkòkò. Ihò èéfín ni, irú èyí tí àwọn ará ìlú òtútù máa ń mọ sórí ilé wọn kí èéfín iná tí wọ́n ń yá lè ráyè jáde. Mo ṣàlàyé fún un títí. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà bá òun gbé ìkòkò náà kúrò, nítorí pé ibẹ̀ lòjò máa gbà wọlé.

Ìkẹ́nnẹ́ là ń gbé nígbà náà, ní ọdún díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó wọlé. Bàbá mi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọ wa tí kò jìnnà sí ilé. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń kó lọ sókè òkun ló ta kọ̀ǹpútà àlòkù kan fún un, eré kan sì ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú eré náà, èèyàn á máa wa mọ́tò káàkiri ìlú. Bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀. Wọn kì í pa èèyàn. Ó sì tún rí i pé apá kan wà tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìlú sílẹ̀: kó la títì, kó gbin igi, kó to ilé sí ibi tó bá wù ú. Ó ní, “Èyí dára. Ẹni tó ń kọ́lé kì í ráyè jà.”

Bàbá mi kò tíì mọ ọmọ tó bí nígbà yẹn. Inú mi máa ń tètè bí, ìyá mi ní láti inú oyún ni. Mo jà pẹ̀lú ilé tó kọ̀ tí kò dúró, mo jà pẹ̀lú igi, mo sì jà pẹ̀lú iná tí wọ́n máa ń mú lọ nígbà tí n kò bá tíì tọ́jú iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé láti ilé ẹ̀kọ́, iwájú ẹ̀rọ yẹn náà ni mò ń lọ.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, wá láti Màkún ní Ṣàgámù. Obì ló tà títí ó fi darúgbó. Àwọn obìnrin á bá a bó o, wọ́n á ṣà á níwájú ilé, á dì í sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé, á sì gbé e lọ sí Sábó fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè Ọya. Mùsùlùmí ni. Ìyá mi nìkan lọmọ tó kù fún un, ìyẹn sì ti fẹ́ ọmọ ìjọ tó ń pa ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, ó sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sínú ìjọ náà. N kò gbọ́ kí ìyá àgbà bínú sí i rí, n kò sì gbọ́ kó sọ pé ó dára. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé kì í sùn nílé wa. Bó bá wá kí wa, á jókòó sí etí àga, á jẹun díẹ̀, á sì ní kí òun tètè máa bá mọ́tò lọ.

Ohun méjì ló gbé e wá bá wa gbé. Èkíní, àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ wó ilé alámọ̀ tó ń gbé, wọ́n fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀. Èkejì ni ojú rẹ̀. Dókítà ojú ní ohun tó ti lọ nínú rẹ̀ kò lè padà mọ́, pé oògùn tí à ń kán sí i á kàn fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n pé dandan ni kó ṣú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ṣì ń rí ohun tó bá wà ní ọ̀ọ́kán, kò kàn rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Ó ní ó dà bíi pé òun ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbọ́ tí mò ń ráhùn pé ilé tí mo kọ́ wọ́. Ó béèrè pé ilé wo. Mo ní nínú kọ̀ǹpútà ni.

Èdè Rẹ́mọ ni ìyá àgbà mi máa ń sọ, kò bá ẹnikẹ́ni fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ tí mo wá kí yín níbí ni wọ́n wó ilé mi. Mi è rí i kẹ́yìn kí wọ́n tó wó o. Bá mi kọ́ ọ, kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan péré kí ojú yí tó pa dé.”

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé alámọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, kò sí páànù tó ti dípẹtà. Lẹ́yìn tí mo yọ ilé oníkòkò kúrò, mo rí ilé gbọọrọ kan tí àwọn àgbẹ̀ ìlú òyìnbó ń kó màlúù sí, tí òrùlé rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà. N kò sọ fún un pé ilé màlúù ni. Mo gbin igi kan síwájú rẹ̀ tó fẹ́ jọ igi ọsàn. Ó fi ojú sún mọ́ gíláàsì náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé kò lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, “Ó ṣe díẹ̀ bíi rẹ̀.” Mo mọ̀ pé ó ń ṣàánú mi ni.

Ó kù kí n yan àsìkò. Àwòrán oòrùn kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ìlà kan tí wọ́n kọ wákàtí sí á yọ, tí ohun róbótó kan bí ìlẹ̀kẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bó o bá fa ìlẹ̀kẹ̀ yẹn láti apá òsì lọ sí ọ̀tún, ilẹ̀ á mọ́ ní ìlú náà, oòrùn á yọ, á gòkè, òjìji ilé á máa yí, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fà á níṣojú ìyá àgbà, ó pariwo pé, “Ọlọ́run Ọba! Ọmọ yí ń fọwọ́ ti oòrùn!” Ó ní kí n rọra o, kí n má tì í ṣubú.

Mo ní, “Àsìkò wo lẹ fẹ́, mà?”

“Ìgbà tí àwọn obìnrin ti lọ sílé wọn, tí mo bá yí sẹ́yìn ilé lọ fẹ̀yìn ti ògiri.”

“Aago mélòó nìyẹn?”

“Mi è mọ aago rẹ̀.”

Ohun tó ń sọ yé mi díẹ̀. Obì kò fẹ́ oòrùn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń jókòó sí ní òwúrọ̀, bí òjìji bá sì yí sí iwájú ilé, wọ́n á kó ẹní àti apẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e. Níwájú ni wọ́n ti máa ń parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá àgbà tún ń wá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí oòrùn ti pa gbogbo ọ̀sán? Mo bi í, ó ní kí n ṣáà yan àsìkò náà ná, tí òun bá rí i òun á mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi dá sí i. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀ oòrùn bí ọmọ ìjọ wa, nítorí pé ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì ni Ọjọ́ Ìsinmi wa ń bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti se oúnjẹ ọjọ́ kejì, a ti wẹ̀, a ti pa rédíò àti kọ̀ǹpútà, a ti jókòó sí pálọ̀ tí à ń dúró de orin. Kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri máa ń sọ ìṣẹ́jú tí oòrùn máa wọ̀, síbẹ̀ bàbá mi kò gbà á gbọ́ tán. Á tún jáde lọ sí etí oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, á gbé ọwọ́ síwájú orí, á wò ó fúnra rẹ̀. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó ní kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sí wákàtí tí Ìsinmi tó kọjá wọlé.

Mo fi síbẹ̀. Oòrùn wà lókè gangan, ó ń ràn yòò. Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ní ó jọ pé ibi tí àwọn tó ṣe eré yìí ń gbé, oòrùn kì í tètè lọ sílé.

Ìyá àgbà ní, “È é ṣe àkókò yí o. Mi è tíì kí Aláàsárì nígbà yí.”

Bàbá mi ní, “Àwa náà ò tíì sọ ẹran kalẹ̀ lórí iná nígbà yẹn, Ìyá.” Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín rí, àna ni wọ́n, ọ̀wọ̀ ló máa ń wà láàárín wọn. Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo fa ìlẹ̀kẹ̀ síwájú. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, ojú ọ̀run pọ́n, ìyá àgbà ń sọ pé, “Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀.” Oòrùn wọ̀. Bó ṣe wọ̀ báyìí, iná tàn ní gbogbo fèrèsé ilé náà.

“Ta ló tan iná sílé mi? Ilé mi è ní iná!”

Ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Mo fa ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́yìn bí ìbú irun, oòrùn tún yọ imú jáde. Mo tì í síwájú, iná tàn. Àwọn tó ṣe é ti so ìwọ̀ oòrùn àti iná pọ̀, wọn kò mọ̀ pé àkókò kan wà láàárín méjèèjì, nígbà tí oòrùn ti lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì ronú kan fìtílà. Àkókò yẹn gan-an ni ìyá àgbà mi ń wá. Mo gbìyànjú títí, lójoojúmọ́, bí iná bá wà. Ọjọ́ kan ni mo fi ọwọ́ gbá tábìlì, mo ní, “Ìyá àgbà, ṣé oòrùn wọ̀ ni àbí kò wọ̀? Ẹ mú ọ̀kan!”

Ìyá mi ké láti ilé ìdáná pé, “Ìwọ àti ta lẹ jọ ń sọ̀rọ̀?”

Ìyá àgbà ní, “Fi í sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ è bí nínú, è tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Ó na ọwọ́ láti fi pa mí lórí, ejìká mi ló bá. Ó fi ọwọ́ wá orí mi lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Mo rí i tó bu omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, tí omi ń ṣàn lórí tábìlì tí kò sì mọ̀. Mo rí i tó ń ka àtẹ̀gùn pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ́ ẹní láti kírun, ẹní náà wọ́, ó dojú kọ igun yàrá. Ìyá mi ń kọjá lọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òun fúnra rẹ̀ ti kírun gbẹ̀yìn, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí ẹní náà mú, ó yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dojú kọ ibi tó yẹ, ó sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ lé ẹní náà bíi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sunkún, n kò sì mọ ẹni tí mò ń sunkún fún nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rù bà mí wàyí. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí, ojú rẹ̀ sì ń lọ lójú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo rí ọ̀nà rẹ̀. Mo rí ilé ìkẹ́rùsí kan nínú ẹ̀rọ náà tí kò ní fèrèsé rárá. Níbi tí kò bá ti sí fèrèsé, iná kò ní ibi tó máa ti tàn. Mo wó ilé màlúù, mo to ilé ìkẹ́rùsí méjì pọ̀, mo gbé òrùlé pípọ́n lé e, mo yí ẹ̀yìnkùlé sí wa, mo sì fa ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí ibi tí oòrùn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ojú ọ̀run ní àwọ̀ èso obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ògiri náà wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí fìtílà, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo pariwo pé, “Ìyá àgbà! Ẹ wá! Mo ti rí i!”

Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo mú un jókòó síwájú ẹ̀rọ. Mo ń retí kó sún mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe. Kò sún mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó ní, “Ó dára. Ó dára gan-an, ọmọ mi. Òun náà nìyí.”

Ó yá jù. Mo wo ojú rẹ̀. Fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọjú sí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì ń ti ibẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ló ń wò tó ń rẹ́rìn-ín sí. Mo mọ̀ pé ojú ti pa dé, pé ó ti pẹ́ díẹ̀, pé nítorí tèmi ni kò ṣe sọ. Àwọn àgbà ní ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Mo ní tèmi méjèèjì níbẹ̀, wọn kò sì wúlò fún un.

Bóyá ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí. Ó na ọwọ́, ó ń wá mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló bá. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà tó yọ gọ̀ǹgọ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó sì fi í síbẹ̀.

Bàbá mi wọlé láti etí oko ẹ̀gẹ́. Ó ní, “Ó ti tó àkókò. Oòrùn ti ń kan ilẹ̀.”

Mo ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn. Lónìí nìkan.”

Ó wò mí, ó wo ìyá àgbà, ó wo ọwọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ. Mo rí i pé ó yé e. Èèyàn tí kò jẹ́ kí rédíò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọ inú Ọjọ́ Ìsinmi rí, ó dúró síbẹ̀, kò mọ ohun tó máa ṣe.

Ìyá àgbà ló gbà á sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ pa á, àna mi. Àkókò Ọlọ́run ti tó. Èmi náà fẹ́ kí Mọ̀gàríbì.”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó pa á. Ilé Màkún parẹ́. Fáànù kékeré tó máa ń kùn nínú ẹ̀rọ náà dákẹ́, gbogbo pálọ̀ sì dákẹ́. Mo bú sẹ́kún. Inú ń bí mi sí bàbá mi, sí àwọn tó ṣe eré náà, sí dókítà, sí oòrùn fúnra rẹ̀ tí kò lè dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá àgbà kò gbé ọwọ́ kúrò.

Ó ní, “Ó ti wọ̀?”

Mo ní, “Ó ti wọ̀, mà.”

“Mo gbọ́ nígbà tó dákẹ́. Dákẹ́ ìwọ náà. Gbé ọwọ́ rẹ wá.” Ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ó gbóná. Láti ọ̀sán ni mo ti tàn án, ó gbóná dáadáa, ooru rẹ̀ rọra ń jáde bọ̀ sí wa lọ́wọ́. Ó ní, “O wá rí i? Àkókò rẹ̀ nìyí.”

Kò yé mi. Ìyá mi ti jáde láti ilé ìdáná nítorí ẹkún mi, omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó wá sí àárín wa, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi, tí kì í sọ èdè Rẹ́mọ sí wa, tó dà bíi pé ó ti gbé e jù sílẹ̀ ní Màkún lọ́jọ́ tó kúrò níbẹ̀, wá fi í sọ̀rọ̀:

“Ìye mi, ògiri wa rèé.”

Ìyá àgbà ní, “Òun náà ni.”

Ìyá mi ló ṣàlàyé fún mi, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ojú tó ti kún fún omi. Ògiri ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gba oòrùn gbogbo ọ̀sán. Bí àwọn obìnrin obì bá ti lọ tán, tí oòrùn sì ti wọ̀, ìyá àgbà á kí ìrun rẹ̀ tán, á yí lọ síbẹ̀, á fi ẹ̀yìn tó ń ro ó ti ògiri náà, ògiri á máa gbóná fún un títí di àsìkò ìrun Ìṣàì. Òun, ìyá mi, nígbà tó wà lọ́mọdé, á wá jókòó tì í, á fi ẹ̀yìn tiẹ̀ náà tì í. Wọn kì í tan fìtílà. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìgbà yẹn nìkan ni iṣẹ́ ń jẹ́ kí wọ́n jọ jókòó.

Àkókò tí mo ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wá láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe ohun tí ojú ń rí rárá.

Oòrùn ti lọ pátápátá ní ìta. Bàbá mi mú ìwé orin lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ìyá àgbà kò tíì dìde lọ síbi ẹní rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rán an létí. Ìyá mi ti jókòó sílẹ̀, ó fi orí lé orúnkún ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tí ó wà. Bàbá mi rọra sún mọ́ wa, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà lé e. A wà níbẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí ẹ̀rọ náà fi tutù.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé wa.